Àbúrò Mi àti Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Kí n tó sọ ohun tí àbúrò mi obìnrin ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ má baà bú u. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ alájà mẹ́rin kan, Màmá Ìmọ́tótó sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò sí yàrá tó máa tì láìkọ́kọ́ da ìdọ̀tí inú apẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ nù. Nílé tá a jọ ń gbé, tí mo bá gbé ife sílẹ̀ tí mo yíjú, ó ti fọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń ránṣọ ní pálọ̀, kí aṣọ tí mo gé tó balẹ̀, ìgbálẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ mi. A ti jà lórí ẹ̀ títí, ó ti sú mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ìlú tó jìnnà gan-an ló ń gbé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde, kò lè wá síbi ìsìnkú. Láti ìgbà yẹn, tí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kò ju "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ara mi le, mo wà níbi iṣẹ́" lọ. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gidi ni inú géèmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Géèmù kan ni tí wọ́n ti ń wa tírélà, ọmọ náà ló kọ́ ìyá rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kálukú á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ọkọ̀ ọmọ á ṣíwájú, ti ìyá á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ. Àbúrò mi ò fẹ́ kí nǹkan kan wà létí òun, sípíkà ló ń lò, torí náà gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́ nídìí máṣíìnì mi. Ọ̀rọ̀ bàbá nìkan ni wọn kì í fẹnu kàn.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà àbúrò mi gbó, Windows tuntun sì dé tí kò lè gbé. Ẹ̀ńjíníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kò le, ó gbé Linux, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, sí i dípò. Ara kọ̀ǹpútà náà yá. Àfi géèmù yẹn, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀ńjíníà wá jókòó tì wá, ó ṣàlàyé.

"Màmá, tí géèmù bá fẹ́ kí wọ́n ya ọ̀nà tàbí kí wọ́n ya igi, èdè Windows ló fi ń sọ ọ́. Linux ò gbọ́ èdè yẹn. Mo ti wá fi ògbufọ̀ kan sáàárín wọn. Ohun tí géèmù bá sọ, òun ló máa túmọ̀ ẹ̀ kí àwòrán lè jáde."

"Ògbufọ̀ yẹn ò ní parọ́?" mo bi í.

"Kò ní parọ́, mà. Ó kàn lè lọ́ra níbẹ̀rẹ̀ ni."

Lọ́ra kọ́ nìyẹn. Tírélà àbúrò mi á rìn díẹ̀, á dúró gbagidi, á tún ta gìrì. Tó bá dé orí afárá, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á gan, kó tó tún máa lọ, ọkọ̀ ti forí sọ irin. Ọmọ ń sọ̀rọ̀, ìyá ò ráyè gbọ́, kòtò ló ń bá jà. Tí wọ́n bá ti wà á jìnnà, ara ọkọ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Ó di ọjọ́ Àìkú mìíràn, ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ la tún wà.

Ni ọmọ náà bá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan. "Màmá, ó ti ń rẹ̀ yín. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ń wá ẹni tó máa máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá tún rí báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú gbà á."

"Kò burú, ọmọ mi."

Àbúrò mi pa kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹkún ló ń gbé mì yẹn. Tọ́mọ náà bá fi lè gba iṣẹ́ yẹn, ó parí, "ara mi le" nìkan ló kù. Inú bí mi débi pé bàtà ọ̀tún ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì lọ bá Ẹ̀ńjíníà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ògbufọ̀ tó o fún wa, akólòlò ni."

Kò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó wá, ó ní kí àbúrò mi máa wa ọkọ̀ kóun máa wò ó. Tírélà kólòlò títí. Nígbà tó pẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere, Ẹ̀ńjíníà wò mí, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. Àbúrò mi ṣeré tán, ṣùgbọ́n kó tó pa kọ̀ǹpútà, ó ṣí fódà kan, ó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó fẹ́ pa wọ́n rẹ́.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ gbálẹ̀ ni. Tí mo bá ti ṣeré tán báyìí, ìdọ̀tí máa ń kó jọ síbẹ̀. Orúkọ wọn ò nítumọ̀, mi ò mọ ẹni tó kó wọn wá. Gbogbo ìgbà ni mò ń dà wọ́n nù."

Ẹ̀ńjíníà káwọ́ lérí. Mo rò pé ó máa bínú, àṣé ẹ̀rín ló ń wá ibi gbà jáde. "Màmá, ohun tí ògbufọ̀ ti túmọ̀ ló ń tọ́jú síbẹ̀, kó má baà tún máa túmọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá ti dà á nù, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D."

Àbúrò mi wò mí. Mo gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn le fún un. Tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á wa tírélà lóun nìkan kí ògbufọ̀ lè mọ gbogbo ọ̀nà, lẹ́yìn náà á ṣí fódà yẹn, á máa wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe kún."

"Kó kún. Fọwọ́ kàn án, kí n gé ìka ẹ."

Ó lọ fi ìbínú fọ gbogbo fèrèsé ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀ nínú géèmù. Tírélà méjèèjì gun afárá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, nǹkan kan ò gan. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ ti ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà gùn, kò sí kòtò tí wọ́n ń bá jà mọ́.

"Màmá."

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé bàbá mi bínú sí mi?"

Mo dá máṣíìnì dúró. Àbúrò mi ò gbójú kúrò lọ́nà.

"Bàbá ẹ ló ní kí n má jẹ́ kó o wá. Ó ti mọ̀ pé òun ò ní pẹ́. Ó ní tó o bá kúrò níbẹ̀ láìsí ìwé, wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé mọ́, òun ò sì fẹ́ kó o torí òun pàdánù iṣẹ́ tó o fẹ́ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ẹ. O kì í dúró lórí fóònù, èmi náà ò sì mọ ibi tí mo máa gbé e gbà."

Níwájú, tírélà ọmọ náà dúró sáàárín ọ̀nà.

"Ó tún ti gan," ni àbúrò mi wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Èmi ni mo rí i pé òjò ṣì ń rọ̀, igi ṣì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Kì í ṣe kọ̀ǹpútà," mo ní. "Ọmọ ẹ ló dúró." A wá gbọ́ ọ nínú sípíkà, ó ń sunkún.

Àbúrò mi rọra wa tírélà tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ti ọmọ rẹ̀, ó tan iná tó ń ṣẹ́jú kí ọkọ̀ mìíràn má baà kọ lù wọ́n, ó dúró.

"Sunkún ẹ tán," ó ní. "Mi ò kánjú."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà fọn imú, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Mo máa sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ọwọ́ mi máa ń dí lọ́jọ́ Àìkú."