Rọ́bà Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Jókòó Lé

Àtàǹpàkò ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí, kì í sì í ṣe èébú. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú, tí olọ́kọ̀ ra òmíràn tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà gan-an, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ohun tó le níbẹ̀ ni síìtì tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó lé, irin pẹlẹbẹ méjì tí rọ́bà wà láàárín wọn. Bí rọ́bà bá rọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa jó títí fáànù á fi gé rédíétọ̀. Bó bá le jù, gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á gba inú irin wọ ara ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù máa ń wo nọ́ńbà ara páálí. Ní tiẹ̀, á fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ rọ́bà náà, á dijú, á ní, "Èyí kọ́. Gbé ìkejì wá." Kì í ṣì í, ó sì ń fi yangàn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Píkọ̀ọ̀pù tó dé iwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ọkọ̀ àgbà ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú pátápátá, ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù ú lọ ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Píkọ̀ọ̀pù yìí ló ń gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n lọ sílé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní eegun ẹ̀yìn, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gbọ̀n.

"Àbúrò mi, ẹ̀yìn ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá gbé tíì dání nínú ọkọ̀ yìí, kò ní dà."

Ìyàwó mẹkáníìkì ló ń ta sípéà páàtì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó oríṣi mẹ́ta sórí káńtà: ti píkọ̀ọ̀pù fúnra rẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì tuntun, àti ti ọkọ̀ akẹ́rù. Àtàǹpàkò tẹ èkínní, ó tẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀kẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lábẹ́ ìka rẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ìka náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á gan-an. Mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kú, kí ló kù tí wọ́n máa pè é? Ló bá dijú bó ti máa ń ṣe, ó mú ti akẹ́rù, ó ní, "Èyí ni."

"Ṣé ó dá yín lójú, bàbá ọmọ mi?"

"Ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ìyàwó kó méjì yòókù padà sínú páálí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde, ẹ̀gbọ́n ló wà á, ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì wà lẹ́yìn. Dígí ń gbọ̀n, ilẹ̀kùn ń gbọ̀n. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, òógùn ti bo àna mẹkáníìkì, ìyẹn ọkọ ẹ̀gbọ́n, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó dúró. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Rọ́bà tuntun ni," ni mẹkáníìkì ń wí. "Á rọ̀ tó bá yá."

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ó kàn jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó di ọkọ rẹ̀ mú. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Nígbà tí mẹkáníìkì délé, ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. "Mo rí yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ọwọ́ yín ń jó, ẹ ò mọ̀. Mo dákẹ́ torí mo mọ ìbínú yín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lónìí, ẹ̀yìn ẹlòmíràn lẹ fi bo ọwọ́ yín mọ́lẹ̀."

Ó jágbe mọ́ ọn, ó ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Bí mi ò bá lè tẹ rọ́bà mọ́, ta ni mo jẹ́?"

"Ọkọ mi lẹ jẹ́. Iṣẹ́ yẹn náà ò rọrùn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó ló tẹ rọ́bà, ọkọ rẹ̀ ń bi í léèrè.

"Ṣé ó ń ti ìka ẹ padà kíá, àbí ó ń rò ó kó tó dìde?"

"Èyí le bí òkúta. Èyí tó tẹ̀ lé e ń rò ó."

"Òun la máa lò."

Ti ẹ́ńjìnnì tuntun náà ni. Ihò bóòtù rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu, wọ́n ní láti jó irin mọ́ ọn kó tó jókòó dáadáa. Bí mẹkáníìkì ti parí rẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́. Ẹ̀gbọ́n di àtàǹpàkò rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yìn ọkọ mi dùn mí. Ṣùgbọ́n pé ọwọ́ rẹ ń kú, o ò sì lè sọ fún èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, ìyẹn dùn mí jù."

Lọ́sẹ̀ yẹn, píkọ̀ọ̀pù rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, àna sùn lọ lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì sì wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yọjú, ó bèèrè pé èwo nínú wọn ni aláìsàn. Àna gbọ́wọ́ sókè. Mẹkáníìkì wolẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ náà sókè.