Ìbọn Ìléwọ́ Tó Ń Wo Ilẹ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe òkú nínú eré ìkórè ìjọ wa ní Òmù-Àrán. Olè á yìnbọn, màá ṣubú, wọ́n á da aṣọ bò mí, ó parí. Lọ́dún kẹrin, àǹtí tíṣà tó ń darí eré fi mí ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tó máa mú olè. Inú mi dùn débi pé n ò lè jẹun. Àmọ́ àǹtí kìlọ̀: "Tó o bá bà á jẹ́, òkú lo máa padà ṣe o!"

A ò ní ìbọn ìléwọ́. Ti oníke táwọn ọmọdé fi ń ṣeré, pupa ni. Olè wo ló máa bẹ̀rù ìyẹn? Mo bá lọ bá bàbá mi. Kò sí àgbẹ̀ tí ò mọ̀ wọ́n láti Rore dé Àrán-Ọ̀rin, torí àwọn ló ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ fún wọn, igi tí wọ́n ń ki irin ọkọ́ bọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi gbẹ́ ìbọn."

"Ta lo fẹ́ pa?"

"Olè inú eré ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa igi àyìn kan yọ. Wọn ò tiẹ̀ wọn ọwọ́ mi. Wọ́n ní ọwọ́ baba lọwọ́ ọmọ. Irọ́ ńlá! Àáké ni ọwọ́ tiwọn ti ń dì mú láti kékeré. Bírò lèmi ń dì mú ní ọ́fíìsì.

Nígbà tí ìbọn dé, wọ́n ti fi pólíìṣì bàtà kùn ún, ó ń dán. Mo dì í mú. Yéè! Èèkù rẹ̀ nípọn débi pé ìka mi ò yí i ká. Èyí tó wá burú jù ni pé bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rúkọ́ ni wọ́n ṣe tẹ ìbọn náà. Bí mo bá nà án sí ènìyàn láyà, ilẹ̀ lẹnu ìbọn ń wò. Kó tó lè wo iwájú, àfi kí n ká ọrùn ọwọ́ mi sẹ́yìn títí á fi máa ro mí. Mo fẹ́ sọ fún wọn, àmọ́ wọ́n ti ròyìn ìbọn yẹn fún gbogbo àdúgbò. 

Ọjọ́ ìkórè pé. Bàbá mi jókòó síwájú pátápátá. Tẹ́lọ̀ kan tó sanra ló ń ṣe olè. Mo fò jáde: "Dúró! Ọlọ́pàá ni mí!"

Tẹ́lọ̀ wo ẹnu ìbọn, ó wo bàtà mi. "Ọ̀gá, ṣé ẹsẹ̀ yín lẹ fẹ́ yìnbọn sí ni?"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ká ọrùn ọwọ́, ìbọn yọ̀, ó já lé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tèmi tẹ èèkù, èèkù ló kọ̀ mí!

Bàbá mi dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń nàró di ìyẹn mú?"

Wọ́n gun orí pẹpẹ eré, wọ́n he ìbọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kọ ebè. Ẹnu ìbọn bá wo àyà tẹ́lọ̀ gan-an. Tẹ́lọ̀ gbàgbé pé eré ni, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo níyàwó nílé!"

Nígbà tó di eré ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ni ọ̀gá ọlọ́pàá, èmi ni òkú. Inú bí mi, n ò ní purọ́. Olè yìnbọn, mo ṣubú. Bàbá mi wá da aṣọ bò mí, wọ́n rọra sọ sí mi létí: "Má bínú, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ló kéré. Màá wọ̀n ọ́n kí n tó gbẹ́ òmíràn."

Ẹ̀rín pa mí lábẹ́ aṣọ. Mo pa eyín pọ̀ kí n má bàa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò gbọ́. Gbogbo ìjọ rí i bí òkú ṣe ń mì jìgìjìgì.

Láti ọjọ́ náà, àǹtí ti gba ipò òkú pàápàá lọ́wọ́ mi, ó fún ẹlòmíì.