Pákó Lára Ògiri Yàrá Ìyá Mi

Ọmọ-ọmọ mi ń kan pákó mọ́ ògiri ilé mi. Òórùn igi náà rán mi létí bàbá mi.

Nígbà kan tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi sá lọ sílé wọn nílùú Boni, torí ògiri yàrá rẹ̀ là, ó ní kò ní í wó pa òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń padà bọ̀, mo bá bàbá mi tó ń kan pákó àpótí sára ògiri náà. Ara fu mí.

"Bàbá, kí lẹ ń bò?"

"Ẹwà ni mò ń ṣe. Panu mọ́."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò rówó pe amọlé ni.

Ìyá mi wọlé, ó fìka gbá pákó náà. "Bàbá wa, kí ló wà lẹ́yìn ẹwà yìí?"

"Ògiri ni."

Ó wò mí. Mo wolẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kó má tún lọ.

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì.