Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Mi

Ọjọ́ tí mo mú ìwé ìwádìí àṣekágbá mi lọ fún Ìyá Aládìrẹ ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni n kò lè gbàgbé. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ.

Inú wọn dùn. "Ka ibi tí orúkọ mi wà fún mi."

Mo ṣí i, mo kà á sókè. "Ìyá Aládìrẹ" nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé kì í bèèrè orúkọ àgbà, n kò sì bèèrè rí.

"Ràbíátù ni mo ń jẹ́," ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́.

Mo yọ bírò. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Má bàwé ẹ jẹ́, ọkọ mi."

Ìwé náà ṣì mọ́ tónítóní. Ojú ń tì mí láti ṣí i.