Ilẹ̀ Tí Mo Pè Ní Òkú

Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ Mama Chundung ti kú, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí nígbà náà, mo sì ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ wa ni ká wo ohun tí ojú ilẹ̀ ń rí lọ́wọ́ èèyàn, ká sì wo ohun tí ojú èèyàn ń rí lọ́wọ́ ilẹ̀. Ní Jos, ojú ilẹ̀ ti rí nǹkan. Àwọn tó wa kúsà, ìyẹn tánganran, hú inú ilẹ̀ síta, wọ́n fi yanrìn funfun àti adágún omi sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Etí ọ̀kan nínú àwọn adágún náà, lẹ́yìn àdúgbò Rantya, ni Mama Chundung ti ń gbin pòtétò. Obìnrin Berom ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìwé wa ni yóò sọ bóyá kí ìjọba ti oko náà pa, kí Mama sì kó kúrò níbẹ̀.

Mo gbé irin gbọọrọ tí a fi ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde. Ewé pòtétò bo gbogbo ebè. Ìyá mi ìbá gbá mi létí bí mo bá tẹ ohun ọ̀gbìn àgbàlagbà mọ́lẹ̀, nítorí náà etí oko ni mo ti gbẹ́ gbogbo ohun tí mo gbẹ́. Yanrìn lásán ni. Mo kọ "ilẹ̀ ti kú", mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé kí ni pòtétò yẹn ń jẹ.

Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí n lọ sọ fún Mama.

"Haba, 'yata! Ta ló kú?" Ọmọbìnrin wọn ni Mama ń pè mí bẹ́ẹ̀; Hausa ni a jọ ń sọ, ó yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Ilẹ̀ yìí ni, Mama. Yanrìn ni."

"Níbo lo ti gbẹ́ ẹ?"

Mo nàka sí etí oko. Mama wò mí títí, wọ́n rìn lọ sáàrin ebè tó dára jù.

"Toh. Gbẹ́ ibí."

"Pòtétò yín ńkọ́, Mama?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn fà á tu, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó. Mo gbẹ́ ẹ títí kòtò fi mù mí dé ìbàdí.

Orí mi wú. Yanrìn funfun tí mo rí létí oko náà ló wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ dì lé e lórí, ó jìn ju apá mi lọ. Èédú wà nínú rẹ̀, àti èèpo ẹyin, egungun ẹja, àfọ́kù àwo. Ekòló ń rìn níbi tí mo pè ní òkú.

"Toka ni," ni Mama wí. Eérú. "Nígbà tí mo relé ọkọ, koríko kì í hù níbí. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí ààtàn ìgboro, à ń fi orí ru eérú wá, a sì ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Lọ́dọọdún." Wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n. "Èyí, ti ààtàn Laranto ni. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀, òjò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí n tó lò ó."

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ wa lò kó tó sọ ohun tí ahọ́n Mama sọ lójú ẹsẹ̀. Laranto sì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eérú ààrò ìyá mi ni mo dúró lé. Nǹkan tí gbogbo ìgboro dànù, tọkọtaya kan ti sọ ọ́ di ilẹ̀, ìgboro sì ń jẹ ẹ́ padà. Omi lé sí mi lójú, ìtìjú sì mú mi.

"Ọ̀gá, mo ṣàṣìṣe," ni mo wí lọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi fi bàtà dídán wọnú kòtò náà fúnra wọn. Wọ́n fi ìka ra ilẹ̀ dúdú yẹn.

"Tún un kọ."

Ìwé kejì yẹn ló gba oko náà sílẹ̀. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tí a ti ń kọ ohun tó dá ilẹ̀ sílẹ̀: odò, afẹ́fẹ́, tàbí òkúta tó jẹrà. Mo wò ó pẹ́, mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mama Chundung àti ọkọ wọn." Ọ̀gá mi kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n sì fọwọ́ sí i.