Ojú Ewé Tí Mo Ní Kí Ràhímátù Pa Rẹ́

Ẹnu Sàlámì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tí Ràhímátù ọmọ mi kò fi ríṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà níbí ní Parakou. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Aṣọ ni mò ń tà. Nígbà tí Ràhímátù gba ìwé ẹ̀rí tán, ó ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe: ètò tó ṣe fún ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò Banikanni kó lè mọ èyí tó fẹ́ tán, èyí tó ṣe fún àwọn aránṣọ àdúgbò Titirou kí ìwọ̀n oníbàárà má sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣé inú mi dùn? Rárá o! Nílé wa, ohun tó bá dára, a kì í gbé e síta. Ìyá tó bí mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ka iye ọmọ rẹ̀! Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní ojú ayé ò dára, ẹnu ẹlòmíràn ló sì yẹ kó yin èèyàn.

“Ṣùgbọ́n Bàbá, aṣọ yín tó dára jù lẹ ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.”

“Aṣọ lo wá fi ara rẹ wé? Bí ojú bá ba aṣọ jẹ́, mo lè ra òmíràn. Níbo ni mo ti máa ra ọmọ?”

Ó pa á rẹ́ lójú mi. Mo súre fún un.

Kò pẹ́ ni iléeṣẹ́ kan ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ràhímátù kọ̀wé, Sàlámì náà kọ̀wé. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀, torí ọmọ mi ló máa ń ṣàlàyé fún Sàlámì bí ẹ̀kọ́ ò bá yé e! Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó di ọjọ́ tí Sàlámì wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ni wọ́n mú. Kò wá fọ́nnu o, àánú wa ló ń ṣe é. Ó ní ọ̀gá wọn kò tíì ka ìwé ẹnikẹ́ni tó fi wá orúkọ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ Sàlámì jáde, méjì péré. Ti Ràhímátù, òfìfo! Ọ̀gá ní ṣé ẹni yìí ti ṣe nǹkan kan rí?

“Bàbá, mo sọ fún wọn pé òun ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Kí ni mo máa fi hàn?”

Ẹnu ẹlòmíràn ti yìn ín bí mo ṣe fẹ́. Kò tó.

Mo ti bẹ Ràhímátù títí pé kó tún ojú ewé náà ṣe. Ó ní, “Bàbá, ó ti rẹ̀ mí.”

Ohun tó yé mi lẹ́yìn tí ó ti bọ́ rèé: ẹni tí o bá fi pamọ́ fún ọ̀tá, o ti fi pamọ́ fún olóore náà.

Ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló wà báyìí. Láràárọ̀, òun ló ń mú aṣọ tó dára jù tó ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, n kì í sì í lè wo ojú rẹ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, kí ni o ti ní kí ọmọ rẹ fi pamọ́ rí, tí o rò pé ìfẹ́ ni?