Ẹ̀gbà Ọrùn Tó Hù ní Sakété

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí n kò tíì ga ju ọmọ odó lọ, ní oko bàbá mi ní Igana, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wá ìgbín, èso ìdò ni èmi máa ń ṣà létí odò. Èso dúdú kóróbótó ni, ó ń dán bí ẹyinjú ọmọ ajá. Mo máa ń dá a lu, mo máa ń sín in sókùn, màá sì fi èèpo ekùrọ́ sí àárín wọn. Inú mi a máa dùn débi pé mo ń gbàgbé ebi.

Kò dùn mọ́ ìyá mi nínú rárá. Ó ti bá aránṣọ kan ní Pobẹ̀ sọ ọ́ pé òun ó mú mi wá kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Ta ló ń fi èso igbó jẹun? Ọjọ́ tí ẹni tí kò bá wa tan bá yan iṣẹ́ rẹ láàyò ni màá gbà." Ìyá mi kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin fẹ́ relé ọkọ ní Sakété, sí ilé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò. Mo pinnu láti sín ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó. Ìdò gbígbẹ le bí òkúta, nítorí náà mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ó lè rọ̀, mo lu ú, mo sín in, mo wá fi ewé tútù wé e títí di ọjọ́ ìgbéyàwó kí dídán rẹ̀ má baà ṣá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ti mọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí a dé Sakété, tí mọ̀lẹ́bí tọ̀tún-tòsì jókòó, mo tú ewé níwájú ìyàwó. Ìdò ti hù. Èéhù funfun ti yọ lára wọn bíi ti àgbàdo. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sójú mi. Mo ti ń wo ara mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá ọkọ ìyàwó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ ìyàwó lọ́rùn. Ó yíjú sí ìyá mi.

"Àna mi, ìyàwó tó mú irúgbìn wọlé, ilé rẹ̀ ò ní dá páropáro. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sín ìlẹ̀kẹ̀ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wá kọ́ ọ."

Ìyá mi wò mí, ó wo ẹ̀gbà ọrùn, ó ní, "Mo ti gbà." Mo jó ju ìyàwó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ yẹn ló kọ́ mi pé a máa ń yan ìdò lórí ààrò kí a tó sín in, kí ó má lè hù mọ́.

Ayé ti yí padà. Mo ní ìsọ̀ tèmi ní Pobẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ hàn mí lórí telefóònù, èmi a sì ní kí wọ́n tì í bọ àpò, kí a lọ wo ewé àti ìkarahun ìgbín nínú igbó. Àwọn ìyá fúnra wọn ló ń fa ọmọ wọn wá bá mi. Ìyá tèmi náà wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi títí tó fi darúgbó. Bí àlejò bá bi í léèrè ibi tó ti rà á, á kọ́kọ́ na ọrùn dáadáa, á wá ní, "Wọn kì í tà á lọ́jà. Ọmọ mi ló ṣe é."